Òǹwòran Lórí Ìtàgé: Àyẹ̀wò Ìjókòó Orí Ìtàgé Nínú Eré-Oníṣe Olórin ti Broadway

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú bébà yìí ni àṣà kan tí ó ti tún gbilẹ̀ ní àwọn ilé eré Broadway ní ìlú New York láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn. Àṣà náà ni pé kí á ta ìjókòó fún àwọn òǹwòran kan lórí ìtàgé gan-an, kí wọ́n jókòó níbi tí àwọn òṣèré ti ń ṣeré, kí àwọn òǹwòran yòókù tí ó wà nínú gbọ̀ngàn sì máa wo àwọn àti àwọn òṣèré pọ̀. Eré-oníṣe olórin ni a óò fi ṣe àpẹẹrẹ, èyíinì ni irú eré tí ọ̀rọ̀ ẹnu, orin àti ijó jọ ń sọ ìtàn kan náà.

Ohun tí ó mú wa dá iṣẹ́ yìí lé ni pé èrò méjì ni ó wọ́pọ̀ nípa ìjókòó bẹ́ẹ̀, àwa kò sì fara mọ́ ọ̀kankan nínú wọn. Ẹni tí ó bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì a máa rò pé ibi tí ó dára jù lọ ni òun rà, nítorí pé ó sún mọ́ eré ju ibi gbogbo lọ. Èrò kejì jẹ́ ti àwa tí a ń kọ́ ìmọ̀ eré-oníṣe Yorùbá. Ó ti di orin lẹ́nu wa pé ohun tí àwọn aláwọ̀ funfun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe yìí kò ju agbo eré àwọn alárìnjó wa lọ. Pé wọ́n rìn títí, wọ́n sì padà wá bá wa nílé. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́. Èrò tiwa ni pé ẹni tí ó jókòó lórí ìtàgé Broadway kì í ṣe òǹwòran tí ó kàn sún mọ́ eré. Ó ti di ara ohun tí à ń wò. Bí eré náà bá fún un ní ipò nínú ìtàn, ìjókòó rẹ̀ ní ìtumọ̀. Bí kò bá fún un, ibi tí a ti ń wo ẹ̀yìn òṣèré ni ó fowó rà. Ní ti ìbátan tí ó wà láàrin ìjókòó yìí àti àṣà tiwa, a kò sọ pé kò sí. A kàn rò pé kò sí níbi tí a ti ń wá a.

Ìjókòó orí ìtàgé láyé àtijọ́

Kì í ṣe Broadway ni ó dá àṣà yìí sílẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ní ilé eré Blackfriars ní ìlú London, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin olówó a máa san owó lé owó ìwọlé kí wọ́n lè jókòó sórí àpótí lórí ìtàgé. Kì í ṣe eré ni ó gbé púpọ̀ nínú wọn débẹ̀. Aṣọ tuntun ni wọ́n fẹ́ fi han ará ìlú, wọ́n a sì máa fa tábà bí eré ti ń lọ lọ́wọ́. Thomas Dekker fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ìwé rẹ̀, The Gull's Hornbook (1609), níbi tí ó ti ṣe bí ẹni tí ó ń kọ́ òpè bí a ti í jókòó lórí ìtàgé. Francis Beaumont tilẹ̀ ti sọ ọ̀rọ̀ náà di eré ṣáájú rẹ̀. Nínú The Knight of the Burning Pestle, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní nǹkan bí ọdún 1607, oníṣòwò kan àti ìyàwó rẹ̀ gòkè wá láti àárín àwọn òǹwòran, wọ́n jókòó sórí ìtàgé, wọ́n sì fi dandan lé e pé ọmọ-iṣẹ́ àwọn ni kí ó ṣe akọni inú eré náà.

Ní Paris, ìjókòó orí ìtàgé pọ̀ débi pé agbára káká ni àwọn òṣèré fi ń ráyè yí ẹsẹ̀. Voltaire wà lára àwọn tí ó bẹnu àtẹ́ lù ú. Ọdún 1759 ni Comédie-Française tó kó àwọn ìjókòó náà kúrò. David Garrick náà lé àwọn òǹwòran kúrò lórí ìtàgé Drury Lane ní London ní nǹkan bí ọdún 1762. Ẹ jẹ́ kí á kíyè sí ìdí tí a fi lé wọn. Wọn kò ní ipò kankan nínú ìtàn. Bí ọba kan bá ń kú lórí ìtàgé, ẹni tí ó jókòó tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ó ń ṣakọ kì í ṣe ará ààfin, a kò sì lè pè é ní òǹwòran tòótọ́. Ìdènà ni.

Nígbà tí àṣà náà fi máa padà, ọwọ́ olùdarí eré ni ó gbà padà. Ní ọdún 1974, Harold Prince gbé Candide wọ ilé eré tí ń jẹ́ Broadway Theatre, ó sì fọ́n ìtàgé kéékèèké káàkiri àárín àwọn òǹwòran. Láti ìgbà náà wá, ìbéèrè tí ó yẹ kí á máa bi eré tí ó bá gbé òǹwòran gòkè ni pé: ta ni ó fẹ́ kí wọ́n jẹ́?

Spring Awakening

Eré tí a lè fi wo ìbéèrè yìí dáadáa ni Spring Awakening. Duncan Sheik ni ó kọ ohùn orin rẹ̀, Steven Sater kọ ọ̀rọ̀, Michael Mayer darí rẹ̀, Bill T. Jones sì ni olùdarí ijó. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ilé eré Eugene O'Neill ní oṣù Kejìlá ọdún 2006, ó gba àmì-ẹ̀yẹ Tony mẹ́jọ ní ọdún 2007, wọ́n sì ṣe é títí di oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2009. Orí eré tí Frank Wedekind, ọmọ Jámánì, tẹ̀ jáde ní 1891 ni wọ́n gbé e kà. Àwọn ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bàlágà nínú ìlú kékeré kan ni ìtàn náà dá lé. Àwọn òbí àti olùkọ́ fi ọ̀rọ̀ ara pamọ́ fún wọn. Àìmọ̀ yìí ni ó pa Wendla, ọmọbìnrin tí wọ́n mú lọ ṣẹ́yún. Ìtìjú àti ìjákulẹ̀ ni ó sì mú kí Moritz gbẹ̀mí ara rẹ̀.

Ọ̀tún àti òsì ìtàgé ni wọ́n to àga àwọn òǹwòran sí, kí wọ́n lè kọjú sí ara wọn, kí eré sì máa lọ ní àárín. Àwọn onílù àti olóhùn-èlò kò sí nínú kòtò gẹ́gẹ́ bí ìṣe. Ẹ̀yìn ìtàgé ni wọ́n wà, lójú gbogbo ènìyàn. Àwọn òṣèré kan sì wà tí wọ́n wọ aṣọ òde òní, tí wọ́n jókòó sáàrin àwọn tí ó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí o rò pé òǹwòran bí ìwọ ni, tí ẹ ti jọ jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀, yóò kàn dìde lójijì, yóò sì bú sí orin. Láti ìgbà náà, ojú tí o fi ń wo ẹni tí ó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ ti yàtọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ojú tí àwọn tí ó wà nínú gbọ̀ngàn fi ń wo ìwọ náà. Wọn kò mọ̀ bóyá ìwọ ni yóò tún dìde.

Ohun kan tún wà tí àwọn tí ó kọ̀wé lórí eré yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ so mọ́ ìjókòó náà. Òṣèré méjì péré, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, ni ó ṣe gbogbo àgbàlagbà inú ìtàn: bàbá, ìyá, olùkọ́, dókítà. Àwọn àgbà tí ó ń ṣọ́ ọmọ, tí ó sì ń dá ọmọ lẹ́jọ́, kéré níye lórí ìtàgé. Ta ni ó wá kún àyè wọn? Àwọn tí ó jókòó lọ́tùn-ún lósì ni. Wọ́n ń wò, wọn kò sọ̀rọ̀, wọn kò sì ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ipò tí ìlú kékeré náà wà nínú ìtàn gan-an nìyẹn.

Ní ìparí abala kìn-ín-ní, Melchior àti Wendla bá ara wọn lò lórí pákó kan tí a fi okùn fà sókè díẹ̀ láàrin ìtàgé. Ẹni tí ó wà nínú gbọ̀ngàn ní òkùnkùn tí ó bò ó. Bí ojú bá tì í, ó lè wo ilẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀. Ẹni tí ó wà lórí ìtàgé kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀nba ẹsẹ̀ bàtà díẹ̀ ni ó wà láàrin òun àti àwọn ọmọ méjì náà, iná ń ràn sí i lára, ẹgbẹ̀rún ènìyàn sì ń rí i bí ó ti ń wò wọ́n. Bí ó bá mójú kúrò, wọ́n rí i. Bí ó bá tẹjú mọ́ wọn, wọ́n rí i. Ní tiwa, ibí yìí ni ìjókòó náà ti tó owó rẹ̀ tí ó tún lé, kì í sì í ṣe nítorí pé a rí nǹkan dáadáa níbẹ̀.

Ohun tí ojú ń rí níbẹ̀

Ó yẹ kí á sọ díẹ̀ nípa àwọn nǹkan tí ẹni tí ó jókòó síbẹ̀ yóò bá pàdé, nítorí pé ìtumọ̀ kò dá dúró láìsí ìrírí ara. Àwọn ilé eré a máa ní kí ẹni tí yóò jókòó lórí ìtàgé tètè dé. Wọ́n a gba àpò àti ẹ̀wù òtútù lọ́wọ́ rẹ̀, kí òṣèré tí ń sáré jáde nínú òkùnkùn má baà fi ẹsẹ̀ kọ́ ọ. Òṣìṣẹ́ kan yóò ka òfin fún wọn: ibi tí ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ dé, pé kí wọ́n pa fóònù, pé kí wọ́n má ṣe ya àwòrán, pé ẹni tí ó bá jáde láàrin eré lè má ráyè padà wọlé títí di àkókò ìsinmi. Ẹni tí ó bá wọ aṣọ funfun báláú yóò rí i pé iná ìtàgé fẹ́ràn òun ju bí òun ti fẹ́ lọ.

Ní ti ohùn, ojú gbọ̀ngàn ni àwọn ẹ̀rọ agbóhùnsókè ńláńlá kọ sí. Ẹni tí ó wà lórí ìtàgé a máa gbọ́ ìlù tààrà láti ojú awọ, ohùn olórin a sì máa fẹ́lẹ́ sí i létí. Ọ̀rọ̀ orin tí ó yẹ kí ó gbọ́ lè bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní ti ojú, iwájú ni àwọn olùdarí máa ń ṣe ètò ìdúró òṣèré sí. Nítorí náà èjìká àti ẹ̀yìn orí ni yóò rí lọ́pọ̀ ìgbà, pàápàá nígbà tí òṣèré bá kọjú sí gbọ̀ngàn láti kọ orin tí ó ga jù lọ nínú eré. Ó hàn pé àwọn tí ó ni Spring Awakening mọ èyí, nítorí pé owó ìjókòó orí ìtàgé wọn kéré sí ti iwájú gbọ̀ngàn.

Kí ni ó wá rí tí ẹlòmíràn kò rí? Ó rí òṣèré tí ó dúró nínú òkùnkùn kí ó tó jáde, tí ó mí kanlẹ̀, tí ojú rẹ̀ sì yí padà sí ti ẹlòmíràn. Ó rí òógùn, ó rí itọ́ tí ń fò lẹ́nu olórin, ó rí bí onílù ti ń ṣẹ́jú sí ẹni tí ń tẹ dùùrù. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ó rí gbọ̀ngàn fúnra rẹ̀ láti ibi tí òṣèré ti ń rí i: òkùnkùn ńlá kan tí ó ń mí, tí ó ń rẹ́rìn-ín, tí a kò rí ojú ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀ àfi ti àwọn tí ó wà níwájú pátápátá. Fún ẹni tí ó ń kọ́ ìmọ̀ eré-oníṣe, ìran yìí nìkan tó ìwé kan.

Nígbà tí gbogbo ilé bá di ìtàgé

Natasha, Pierre & The Great Comet of 1812, iṣẹ́ Dave Malloy, gba ọ̀nà mìíràn. Apá kékeré kan nínú War and Peace ti Tolstoy ni ó mú. Yàrá kékeré ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní 2012, ó wọ inú àgọ́ ní 2013, kí ó tó dé ilé eré Imperial ní oṣù Kọkànlá ọdún 2016 lábẹ́ ìdarí Rachel Chavkin. Mimi Lien, tí ó ṣe ọ̀nà sí ìtàgé náà, tí ó sì gba Tony nítorí rẹ̀ ní 2017, fi aṣọ pupa bo ilé náà títí tí ó fi dà bí ilé fàájì kan ní Rọ́ṣíà. Nǹkan bí igba òǹwòran ni ó jókòó sórí ìtàgé, àwọn kan nídìí tábìlì. Àwọn òṣèré ń gba àárín wọn kọjá, wọ́n ń gun àtẹ̀gùn lọ sí òkè gbọ̀ngàn. Wọ́n pín pierogi, oúnjẹ oníyẹ̀fun tí a di nǹkan sínú rẹ̀. Wọ́n pín ṣẹ́kẹ́rẹ́ kéékèèké tí ó dà bí ẹyin, kí àwọn òǹwòran lè bá wọn mì í. Wọ́n tilẹ̀ ń fi lẹ́tà inú ìtàn rán òǹwòran sí òǹwòran.

Ẹni tí ó bá kà nípa èyí lè rò pé níbí ni òǹwòran ti kópa jù. Àwa rò pé ibí ni ó ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù. Nígbà tí eré bá ti tàn dé gbogbo ilé, ẹni tí ó wà lórí ìtàgé kò dá yàtọ̀ mọ́, ojú kò sì fi bẹ́ẹ̀ wà lára rẹ̀. Síbẹ̀ ó ní ipò: òun ni àwùjọ àwọn ọlọ́lá Moscow tí ó ń jẹ, tí ó ń mu, tí ìtìjú Natasha sì jẹ́ ìròyìn aládùn fún. Ní ìparí, nígbà tí Pierre dá dúró tí ó gbójú sókè wo ìràwọ̀ onírù náà, ariwo ti tán, ṣẹ́kẹ́rẹ́ ti dákẹ́. Ẹni tí ó ti ń jẹun láti àárọ̀ eré ni ojú wá ń tì.

Here Lies Love, eré David Byrne àti Fatboy Slim lórí ìgbésí ayé Imelda Marcos ti ilẹ̀ Philippines, mú un le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú Broadway Theatre kan náà tí Prince ti gbé Candide wọ̀ ni wọ́n ti ṣe é láàrin oṣù Keje àti oṣù Kọkànlá ọdún 2023. Wọ́n kó àga ìsàlẹ̀ gbọ̀ngàn kúrò, àwọn òǹwòran dúró, pèpéle ń yí láàrin wọn, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń darí wọn síhìn-ín sọ́hùn-ún. Wọ́n bá Imelda jó, wọ́n di èrò ìpolongo ìbò Marcos. Nígbà tí ó ṣe, àwọn kan náà di ogunlọ́gọ̀ tí ó lé Marcos kúrò lórí oyè ní 1986. Kò sí ẹni tí ó bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ jó. Ìlù ni ó mú wọn jó. Bí olóṣèlú ti í mú ènìyàn náà nìyẹn, ẹsẹ̀ àwọn òǹwòran sì ti mọ̀ ọ́n kí orí wọn tó mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ agbo

Ẹ jẹ́ kí á wá padà sílé. Iṣẹ́ tí J. A. Adédèjì ṣe lórí àwọn alárìnjó ti jẹ́ kí á mọ bí eré wọn ti rí. Nínú agbo, ara àwọn òǹwòran ni ó ń ṣe ògiri ìtàgé. Atọ́kùn a máa fi pàṣán tì wọ́n sẹ́yìn bí agbo bá fún jù. Wọ́n ń gbe orin, wọ́n ń náwó fún òṣèré, wọ́n ń wọlé, wọ́n ń jáde, ọmọdé ń sáré la àárín kọjá. Ojúmọ́mọ́ ni, gbogbo ènìyàn sì ń rí gbogbo ènìyàn. Ìdí nìyí tí a fi sọ pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú agbo tí ó wà "lórí ìtàgé" ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n lórí Broadway, òkùnkùn bo ọ̀pọ̀, iná yan ìwọ̀nba. Àwọn díẹ̀ tí a yàn yìí ni a ń wò, wọn kò sì lè gbe orin àfi bí a bá ní kí wọ́n gbè é.

Ibi tí a ti lè rí ìbátan ìjókòó yìí nínú ìtàn tiwa ni ìjókòó àlejò. Hugh Clapperton, ará Scotland, wà ní Ọ̀yọ́ Ilé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1826. Ìwé ìrìn-àjò rẹ̀ jáde ní 1829, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ó ròyìn eré egúngún kan tí ó wò ní ìlú náà ní oṣù Kejì ọdún yẹn. Ejò ńlá jáde níbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni eégún òyìnbó jáde, ẹni funfun, gbígbẹ, tí òtútù ń mú, tí ń fín áṣáà, tí ń rìn bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ ilẹ̀ láìwọ bàtà. Clapperton fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé léraléra ni àwọn èrò ń kọjú sí òun àti àwọn tí ó tẹ̀ lé òun, tí wọ́n ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wò ó dáadáa. Ó rò pé eré ni òun ń wò. Òun ni gbogbo Ọ̀yọ́ ń wò, bí ó ti ń wo ara rẹ̀. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Níbi eré yìí, ojú rẹ̀ gan-an ni àwọn onílé fi ṣe ìran wò.

Àwòrán yìí bá ìjókòó orí ìtàgé mu dé ìwọ̀n àyè kan: a bu ọlá fún ọ, a fi ọ́ sí ibi tí ó hàn, a de ọwọ́ rẹ, a sì ń wò ọ́. Àgbà inú Spring Awakening, ọlọ́lá Moscow, èrò Marcos, àlejò tí a fún ní orúkọ ni gbogbo wọn.

Bí a bá sì ń wá ohun tí ó fara jọ agbo lórí Broadway, FELA! ni kí á wò. Ilé eré Eugene O'Neill kan náà ni wọ́n ti ṣe é láti oṣù Kọkànlá 2009 títí di oṣù Kìn-ín-ní 2011, Bill T. Jones kan náà ni ó sì darí rẹ̀. Dípò kí wọ́n mú ìwọ̀nba ènìyàn gòkè, wọ́n sọ gbogbo ilé náà di Ṣíráìnì, wọ́n sì ní kí gbogbo gbọ̀ngàn dìde kí wọ́n máa fi ìdí ṣe aago. Ojú kò ti ẹnì kan ju ẹnìkejì lọ, nítorí pé gbogbo wọn ni ó ń jó, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó sì mọ̀ ọ́n jó.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá fẹ́ dán ìjókòó orí ìtàgé wò nínú eré Yorùbá, kí ó má ṣe fi agbo ṣe àwíjàre. Ipò ni kí ó kọ́kọ́ wá fún àwọn tí yóò gbé gòkè. A lè fi Ọba Kò So ti Dúró Ládiípọ̀ ṣe àpẹẹrẹ, eré olórin tí wọ́n ti ń ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Ká ní a mú ogún òǹwòran, a fi wọ́n sí apá kan ìtàgé gẹ́gẹ́ bí ará Ọ̀yọ́ tí ó ti kọ̀yìn sí Ṣàngó, a sì fi iná sí wọn lójú. Nígbà tí gbogbo gbọ̀ngàn bá ń ké pé ọba kò so, kí ni kí àwọn ogún yìí ṣe? Ṣé kí wọ́n bá wọn ké e ni, àbí kí wọ́n jókòó kí wọ́n panu mọ́, kí á sì máa wò wọ́n?